Rìmóòtù àti Risífà: Bí A Ṣe Ń Yan Rédíò fún Bàálù Àfiṣeré

Bàálù kékeré tí àwọn ọmọ wa ń fi fóòmù inú páálí tẹlifíṣàn gé, tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí lójú òfurufú, ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mi ò ní fẹnu ba bí a ṣe ń gé ìyẹ́ rẹ̀, nítorí ọmọ tó ti fi ọ̀bẹ àti gúlúù ṣe é ti mọ ìyẹn jù mí lọ. Rédíò inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, torí ibẹ̀ ni owó òbí ti ń ṣòfò jù. Àwọn ọmọ á ra rìmóòtù tó dára, wọ́n á ra risífà tó dára, ìyẹn èyí tó ń gbọ́ àṣẹ rìmóòtù nínú bàálù, wọ́n á tan méjèèjì, ọ̀kan kò sì ní mọ̀ pé èkejì wà láyé.

Ká ní ẹ̀gbọ́n ọmọ kan wà ní Houston, àbúrò bàbá rẹ̀ sì wà ní London. Ẹ̀gbọ́n rán rìmóòtù tòkunbọ̀ wálé, àbúrò bàbá rán risífà. Bí ẹrù méjèèjì bá jẹ́ ti ayé àtijọ́, ti Amẹ́ríkà á máa sọ̀rọ̀ lórí 72 MHz, ti Gẹ̀ẹ́sì á máa tẹ́tí sí 35 MHz. Kò sí àdúrà tó lè mú wọn pàdé. Èyí rọrùn láti mọ̀, nítorí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sára wọn. Ibi tí wàhálà ti wá pọ̀ ni pé lóde òní, 2.4 GHz ni wọ́n kọ sára gbogbo wọn, ẹni tó ń rà á á sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní 1898 ni Nikola Tesla fi rédíò darí ọkọ̀ ojú omi kékeré kan níwájú àwọn èèyàn ní New York. Nígbà tó fi máa di 1938, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Amẹ́ríkà, Walter àti William Good, ti ń fi bàálù wọn tí wọ́n sọ ní Guff gba ipò kìíní nínú ìdíje. Lẹ́yìn náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún títí wọnú ọ̀rúndún yìí, kírísítáàlì ló ń yan ìkànnì fún ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ní pápá tí wọ́n ti ń fò ó nígbà náà, pátákó kan máa ń wà níbẹ̀ tí èèyàn á ti mú àmì ìkànnì rẹ̀ kó tó tan rìmóòtù. Bí ẹni méjì bá tan ìkànnì kan náà lẹ́ẹ̀kan, bàálù kan ti dé ilẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Àpòmù, mo fẹ́ yá ọjà yín lò láti fi ṣàlàyé ohun tó yí padà. Ọjà Àpòmù kì í ṣe ọmọ àná. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, ibẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ìjà lórí ataare níbẹ̀ sì wà lára ohun tó tanná ran ogun Òwu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹ wo irú ọjà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kún. Àwọn méjì kan fẹ́ máa sọ̀rọ̀ àṣírí níbẹ̀. Nígbà ayé kírísítáàlì, wọ́n á yan ìsọ̀ kan, wọn kò ní kúrò níbẹ̀, bí ẹlòmíràn bá sì wá jókòó tì wọ́n, ọ̀rọ̀ ti dàrú. Nínú 2.4 GHz, wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó kúrò nílé: ìsọ̀ oníṣu ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran, a ó bọ́ sọ́dọ̀ aláṣọ. Kí aládùúgbò tó gbọ́ gbólóhùn kan, wọ́n ti ṣí lọ. Ẹni tí kò bá mọ ètò ìrìn yẹn lè wà nínú ọjà kan náà láti òwúrọ̀ dalẹ́ kó má bá wọn pàdé. Orúkọ ọjà ni 2.4 tó wà lára páálí. Ètò ìrìn ni ó yẹ kí ẹ béèrè.

Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní ètò tirẹ̀. Spektrum ń lo DSM2 àti DSMX. Futaba ní FASST, ó ní S-FHSS, ó tún ní T-FHSS, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sì í ṣe ohun kan náà. FlySky ní AFHDS, ó sì ní AFHDS 2A. FrSky ní ACCST, ó wá gbé ACCESS jáde lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí èèyàn sọ pé Futaba ni rìmóòtù mi, Futaba sì ni risífà mi, kò tíì tó. Orúkọ ètò tí a kọ ní lẹ́tà kéékèèké sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fi wéra.

Ó tún ku ibì kan tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. DSM2 kì í fò káàkiri; ìsọ̀ méjì péré ló máa ń yan nígbà tí a bá tàn án, ibẹ̀ ló sì máa ń wà. Nígbà tí òfin Yúróòpù yí padà, wọn kò gba kí wọ́n máa ta irú rẹ̀ ní tuntun níbẹ̀ mọ́ láti 2015. Rìmóòtù DSMX tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń gba risífà DSM2 àtijọ́, èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í gbà á. Ti FrSky náà rí bẹ́ẹ̀: ACCST tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í so pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún ibòmíràn, àfi tí a bá yí iṣẹ́ inú ọ̀kan padà láti orí kọ̀ǹpútà. Ní 2020, wọ́n tún tún ACCST náà kọ, ẹni tó bá sì yí ti rìmóòtù rẹ̀ láìyí ti risífà, àjọgbé ti parí. Fún àwa tí ẹrù wa ń ti London, Houston àti Ṣáínà bọ̀, tí a tún ń ra tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, ọ̀rọ̀ yìí kan wa ju ẹni tó ń ra gbogbo tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan lọ. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé ilẹ̀ wo ni wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá mọ̀, ẹ jẹ́ kó so méjèèjì pọ̀ lójú yín kí ẹ tó ka owó.

Ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ yan rìmóòtù tó wù ọ́. Èmi ní kí o kọ́kọ́ yan risífà. Rìmóòtù kan lè sìn ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n bàálù kọ̀ọ̀kan ló ń gbé risífà tirẹ̀, bàálù tó bá sì já sínú Odò Ọ̀ṣun lápá Aṣèjìrè kò ní dá tirẹ̀ padà. Risífà ni ẹ ó máa rà léraléra, ẹ wá mọ iye rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti lè rí i kí ẹ tó jẹ́ kí dídán rìmóòtù fà yín. Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, FlySky FS-i6 pẹ̀lú risífà FS-iA6B tẹ́ mi lọ́rùn. AFHDS 2A ni àwọn méjèèjì ń lò, ìkànnì mẹ́fà ni wọ́n ní, bàálù fóòmù kò sì nílò ju mẹ́rin lọ: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan fún gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, ọ̀kan fún ìrù, ọ̀kan fún ìyẹ́. Bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, irú èyí tí a ń fi sínú rìmóòtù tẹlifíṣàn. Bí iná ò bá dé lọ́sẹ̀ yẹn, ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà á yanjú rẹ̀.

Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ gbé e lè ra rìmóòtù tó ní módù ọ̀pọ̀ ètò nínú, irú RadioMaster TX16S. Ṣíìpù rédíò mẹ́rin ló wà nínú módù náà, ó sì lè bá FlySky, FrSky, Spektrum àti S-FHSS ti Futaba sọ̀rọ̀. Kò mọ gbogbo rẹ̀ o. FASST kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀dọ́ tí onírúurú risífà tòkunbọ̀ ti kún àpótí rẹ̀, owó tó ná lórí rẹ̀ kò ṣòfò. Ètò mìíràn tí wọ́n ń pè ní ExpressLRS náà dára, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ inú rẹ̀, ó sì ń lọ jìnnà. Kí ẹ ṣáà rí i pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ẹ̀dà rẹ̀ bára mu, nítorí ẹ̀dà 2 kì í gbọ́ ẹ̀dà 3. Ọ̀pọ̀ risífà rẹ̀ tó kéré bí èékánná kò ní ojú ihò tí a ń ki servo, ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ìrù àti ìyẹ́, sí. Èyí tí wọ́n kọ PWM sí lára ni bàálù fóòmù ń fẹ́.

Lórí ExpressLRS yìí kan náà, mo ní ìkìlọ̀ kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa gan-an. Oríṣi kan wà tí kì í lo 2.4 GHz, tí wọ́n ń pè ní 915. Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, àárín 902 sí 928 MHz ló ti ń sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí GSM ti dé ní 2001, àárín 890 sí 915 MHz wà lára ibi tí fóònù ti ń bá òpó ránṣẹ́. Ẹ rí i pé wọ́n gun ara wọn. Ẹni tó bá tan 915 ní Ìkirè ń pariwo sínú etí òpó tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ara wọn. Ẹ má rà á, kódà bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ríà, wáyà tí risífà fi ń gba ìgbì, kò gba àkókò púpọ̀. Risífà 35 MHz àtijọ́ máa ń fa wáyà tó tó mítà kan lẹ́yìn, ti 2.4 GHz, mìlímítà 31 tó wà ní ìhòòhò ní ìparí wáyà náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ má gé e, ẹ má ká a, ẹ má fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dúró, kí èkejì dùbúlẹ̀. Ewé tútù máa ń gbé ìgbì 2.4 mì, nítorí náà, ẹ má fo bàálù lọ sẹ́yìn oko kòkó.

Iná mànàmáná náà gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù kékeré, ẹ̀rọ tó ń darí ẹ́ńjìnnì ló ń fún risífà àti servo ní fóltì 5. Servo kékeré oníwọ̀n gíráàmù 9 kì í fẹ́ ju fóltì 6 lọ. Bátìrì LiPo onílé méjì tó bá kún jẹ́ 8.4, ẹni tó bá kì í bọ risífà tààrà á gbọ́ òórùn ohun tó ṣe. Ìdàkejì rẹ̀ burú jù, nítorí kì í rùn: bí servo mẹ́rin bá fà lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná wálẹ̀, risífà á kú, á tún jí, bàálù á sì ti já kó tó ráyè jí tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní rédíò òun dàrú, iná rẹ̀ ni kò tó.

Ti òfin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ààbò ni ìjọba wa ka ohun tó ń fò láìní awakọ̀ sí. Àwọn ọmọ ogun òfurufú gbé bàálù aláìláwakọ̀ tí wọ́n ń pè ní Gulma jáde ní Kaduna ní 2013, wọ́n gbé Tsaigumi jáde ní 2018. Ní 2016, NCAA, àjọ tó ń bójú tó ìrìnnà òfurufú, kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ sókè láìgba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn àti lọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ béèrè kí ọmọ tó jáde, ẹ sì jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré lásán ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà, ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ láti òkè, èyí tí a mọ̀ sí RECTAS tẹ́lẹ̀, ti wà ní ọgbà yunifásítì níbẹ̀ láti 1972.

Nígbà tí ẹ bá wá so wọ́n pọ̀ tán, tí servo ń gbọ́ràn, ẹ má tíì jù ú sókè. Bí rìmóòtù yín bá ní ipò agbára kékeré fún àyẹ̀wò, ẹ fi sí i, ẹ rìn ní ìṣísẹ̀ 30 sẹ́yìn, kí ẹnì kan di bàálù mú, kí ẹ wo bóyá ìrù àti ìyẹ́ ṣì ń gbọ́ láìgbọ̀n. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá pa rìmóòtù. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ dúró. Risífà mìíràn ń di àṣẹ tó gbọ́ kẹ́yìn mú ni, tí yóò sì máa gbé bàálù lọ tagbáratagbára lórí àṣẹ yẹn. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ wọ inú rìmóòtù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ failsafe sí, ẹ fa ẹ́ńjìnnì wálẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ tún un dán wò.