Ajá Ilé Nínú Ìrántí Ọmọ Ìyá

Bí ọmọ ìyá mẹ́ta bá jókòó láti rántí ìgbà èwe wọn, kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan ajá. Wọ́n lè gbàgbé orúkọ olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní ìwé kejì, wọ́n sì lè gbàgbé iye tí wọ́n ń ta gààrí nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ gbàgbé ajá ilé wọn, àwọ̀ ara rẹ̀, àti bí etí rẹ̀ ṣe máa ń nà ró nígbà tí ó bá gbóòórùn òkété. Irú ìrántí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, àti ohun tí ó máa ń fara sin sínú rẹ̀. Alímọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó ni a ó ti mú àpẹẹrẹ.

Ẹni tí ó bá gba Ìdímù kọjá sí Ìkòtún lónìí, tí ó bá a dé Ìgándò, tàbí tí ó yà sí ìhà Ẹgbẹ́dá, yóò ṣòro fún un láti gbà pé igbó ti wà níbẹ̀ rí. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn tí ìjọba àpapọ̀ kéde fún ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ 1,277,714. Iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ kà lé ní 2,000,000. (Àríyànjiyàn lórí iye méjèèjì kì í ṣe ẹjọ́ tòní.) Ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ àbàtà àti igbó ọ̀pẹ, ilẹ̀ àwọn Àwórì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn fi yé wa pé ọdẹ ni Ògúnfúnminíre, Ọlọ́fin, ẹni tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀lé àwo tí ó léfòó lójú omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹrí létí odò Ògùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Àwórì. Orúkọ ọkùnrin náà ń tọ́ka sí Ògún, òrìṣà àwọn ọdẹ, ta ni kò sì mọ̀ pé ajá ni Ògún ń jẹ? Ajá àti igbó kì í ṣe àlejò ara wọn ní agbègbè yìí.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi ojú inú wo ọmọ ìyá mẹ́ta tí a bí sí Ìkòtún. Ní ọdún 1974, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, èyí obìnrin tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àbíkẹ́yìn wọn ọkùnrin sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ó sì ń fi ọdẹ ṣíṣe kún un. Ajá pupa kan wà nínú ilé náà, funfun díẹ̀ wà ní àyà rẹ̀, ìrù rẹ̀ sì ká sí ẹ̀yìn. Ìyá wọn ni ó sọ ọ́ ní Bánúsọ. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá, orúkọ ajá kì í sábà jẹ́ ti ajá nìkan; ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò fẹ́ kò lójú ni ó máa ń dì sínú rẹ̀. Obìnrin kan wà ní ilé kejì tí kò lè pa àṣírí mọ́. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́, ìyá yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò ké pe ajá náà sókè: “Bánúsọ o! Bánúsọ!” Ajá yóò wá jẹun, ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yóò sì ti gbọ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, bí àwọn ọmọ bá ti pọn omi kún àmù tán, igbó ni. Ajá ni aṣíwájú. Ẹ̀gbọ́n ti so ṣaworo kékeré mọ́ ọn lọ́rùn bí ó ti rí i tí àwọn ọdẹ ń ṣe, nítorí ajá tí ó mọ iṣẹ́ kì í gbó lásán nínú igbó, ìró ọrùn rẹ̀ ni a fi ń mọ ibi tí ó wà. Àwọn ọmọ náà kọ́ láti fi etí tú ìró náà. Bí ó bá ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́, ajá ń rìn ni. Bí ó bá dákẹ́ lójijì, ó ti rí nǹkan. Òkété ni ó máa ń rí jù. Ihò òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo, ọgbọ́n tí ẹranko náà sì fi ń sá lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n yóò kó ìràwé gbígbẹ sí ẹnu ihò kan, yóò fi iná sí i, yóò fi ewé fẹ́ èéfín wọlé. Àbúrò obìnrin yóò wá ẹnu ihò yòókù kiri, yóò fi amọ̀ dí wọn, yóò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún ajá. Iṣẹ́ ti àbíkẹ́yìn ni kí ó jókòó jẹ́ẹ́, èyí tí kò rọrùn fún un rárá. Bí òkété bá jáde, kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Ẹnì kan kò kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí ní kíláàsì. Wọ́n tún mọ ibi tí àbàtà ti lè gbé ènìyàn mì, nítorí ajá kì í tẹ ibẹ̀. Wọ́n mọ omi tí ó ṣeé mu. Wọ́n mọ̀ pé bí irun ọrùn ajá bá dìde tí ó sì ń fà sẹ́yìn, ejò ni, kí wọn má ṣe tẹ̀ síwájú.

Ní alẹ́, bàbá yóò pa àlọ́ ọdẹ tí ó gun igi sá fún àwọn iwin, tí wọ́n ń gé igi náà lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń ké pe àwọn ajá rẹ̀ mẹ́ta ní ilé: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, Ògbálẹ̀gbáràwé. Kò sí ọmọ Yorùbá ayé ìgbà náà tí kò gbọ́ ọ. Àwọn ajá náà gbọ́, wọ́n wá, wọ́n sì gba olówó wọn. Ohun tí ó wọ àbíkẹ́yìn lọ́kàn nínú àlọ́ náà ni pé bí a bá pe ajá dáadáa, bí ó ti wù kí ó jìnnà tó, yóò wá.

Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, lẹ́yìn ìsìnkú ìyá wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wọn, ọ̀rọ̀ sì dé orí Bánúsọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún òkété mú lẹ́nu. Nígbà náà ni àbíkẹ́yìn sọ pé, “Ó dùn mí pé ó sọnù ní ìhà odò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi pè é.” Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. “Àbí kò sọnù ni, Bùrọ̀dá mi?”

Àbúrò obìnrin ni ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, tí ó fi àpá hàn án.

Tàkúté àgbẹ̀ kan ni ó mú Bánúsọ ní ẹsẹ̀. Ọmọbìnrin náà na ọwọ́ láti tú u, ajá tí ara ń ta sì gé e jẹ ní apá. Kò sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi omi odò ṣan ojú egbò náà, ó fi ewé dì í, ó sì ní, “Ẹ̀gún ọ̀pẹ ni o. Bí bàbá bá gbọ́, wọn yóò pa á.” Wọn kò jẹ́ kí àbíkẹ́yìn mọ̀, nítorí ẹnu ọmọdé kò mọ̀ ọ́n dì. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi pa á mọ́ kí apá tó wú, tí ìyá sì tú ewé náà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bàbá fi eegun tan ajá náà lọ sí ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọmọ kékeré bèèrè rẹ̀, òwe ni wọ́n fi dá a lóhùn: ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ìfẹ́ ni ó mú kí àwọn ọmọ purọ́, ìfẹ́ náà sì ni ó mú kí bàbá pa ajá. Kò sí ìkà nínú wọn. Síbẹ̀, ewu tí ó wà nínú ohun tí ìhà méjèèjì ṣe pọ̀ ju bí wọ́n ti mọ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà ti gbọ́ nípa dìgbòlugi, pé ẹni tí ó bá mú un a máa bẹ̀rù omi. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ife omi tí ó bá gbé sẹ́nu, ó ń dán ara rẹ̀ wò ni. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi yípo, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó ń ronú ikú nídìí àmù omi!

Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Àìsàn yìí a máa fara pamọ́ sí ara ènìyàn, ó sábà máa ń tó oṣù méjì sí mẹ́ta, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀. Bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí í yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó mú un, ajá ni ó kó o ran mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, àti pé ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá bù jẹ, ní abẹ́rẹ́ ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ náà kò sì kú. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ilé iṣẹ́ ìwádìí àìsàn ẹran tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ti ṣe oògùn àjẹsára fún ajá.

Omi odò nìkan kò tó fún egbò náà. Ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn ni ó yẹ kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ti ajá tilẹ̀ rọrùn: kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n máa wò ó. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kò sí kòkòrò àìsàn náà nínú itọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gé ọmọ jẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá nínú mẹ́wàá, Bánúsọ sì ń jẹun, ó ń mu omi. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ó kù kí ẹ̀rù kúrò ní ọkàn ọmọbìnrin náà. Nígbà tí wọ́n pa ajá, wọ́n pa ẹlẹ́rìí.

Àwọn olùkọ́ tí ó bá ń gbọ́ èyí mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní kíláàsì. Igbó ti lọ. Lẹ́yìn géètì ni ọ̀pọ̀ ajá Alímọ̀ṣọ́ wà nísinsìnyí, lórí ṣéènì. Ṣùgbọ́n ọmọ kò yéé fẹ́ràn ajá, kò sì yéé mọ ohun tí àgbà yóò ṣe bí wọ́n bá gbọ́. Bí ó bá dá a lójú pé ikú ni ìdájọ́ ajá tí ó géni jẹ, yóò fi ewé dì í, yóò ní ẹ̀gún ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó mọ̀ pé a lè tọ́jú òun kí a sì so ajá mọ́lẹ̀ láàyè. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí wọ́n tó ka ẹ̀kọ́ ìlera fún un.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà, àbíkẹ́yìn bèèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ògiri ilé oúnjẹ aládùúgbò wà báyìí. “Ìhà odò ni mo máa ń kọjú sí,” ni àbúrò wí. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀. Òun máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?” Àbúrò obìnrin ti ń pọn omi sínú ife. Ó gbé e fún un, ó ní kí ó mu ún ná.