Àkèré Tí Ẹ̀rí Àbùdá Rẹ̀ Takora

Ọ̀rọ̀ àkèré ni mo bá wá lónìí, àkèré ọmọ olódò, a-fi-omi-ṣe-ilé. Kì í sì í ṣe èyí tí ń ké lẹ́yìnkùlé wa, bí kò ṣe ti àwọn adágún ilẹ̀ Yúróòpù.

Ní ọdún 1758 ni Carl Linnaeus, àgbà ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Sweden, sọ ọ̀kan nínú wọn ní Rana esculenta, ó sì lé ní 200 ọdún tí àwọn onímọ̀ fi kà á sí ẹ̀yà tó dá dúró, àfi ìgbà tí Leszek Berger, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, sìn wọ́n wò ní àwọn ọdún 1960, tó sì rí i pé ọmọ àdàpọ̀ ni, pé àkèré kékeré tí à ń pè ní lessonae àti àkèré ńlá tí à ń pè ní ridibunda ni ó jọ bí i.

Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, yóò jọ kíjìpá. Ọmọ yìí jọ méjèèjì, ṣùgbọ́n bí ó ti ń pín ogún wọn ni ó yani lẹ́nu, nítorí pé nígbà tí ẹyin tàbí àtọ̀ bá ń dá sí i nínú, ní ọ̀pọ̀ ibi, gbogbo àbùdá tó gbà lọ́dọ̀ lessonae ni ó ń dà nù pátá, tí ó sì ń fi ti ridibunda nìkan lé ọmọ lọ́wọ́, tó fi jẹ́ pé, kí irú rẹ̀ má baà run, ó di dandan kó tún wá lessonae mìíràn fẹ́. Àbùdá lessonae ń bá a gbélé, kò bá a dé ìdí ogún.

Ibi tí ẹ̀rí ti takora nìyí. Àbùdá díẹ̀ kan wà nínú mitokọ́ńdíríà, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ ìyá nìkan. Ní 1984, àwọn onímọ̀ méjì, Spolsky àti Uzzell, kéde pé àwọn ridibunda kan wà tí àbùdá ìyá tó wà lára wọn jẹ́ ti lessonae. Ọmọ àdàpọ̀ yẹn ni alárinà: bí abo rẹ̀ tó ní mitokọ́ńdíríà lessonae bá fẹ́ akọ ridibunda, ridibunda pọ́ńbélé ni yóò bí, ṣùgbọ́n mitokọ́ńdíríà ọmọ náà yóò máa jẹ́rìí pé lessonae ni. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá fi ẹ̀rí ìyá nìkan pààlà láàárín àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, ẹjọ́ rẹ̀ kò lè gún.

Ohun tí ẹjọ́ àìpé ń bàjẹ́ kò kéré. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjèjì ni wọ́n ka lessonae sí títí tó fi parun níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ìgbà tí wọ́n wá gbé àbùdá rẹ̀, igbe rẹ̀ àti egungun rẹ̀ tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ yẹ̀wò pọ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ọmọ onílé ni, tó bá àwọn ti Sweden àti Norway tan. Láti Sweden ni wọ́n ti kó irú rẹ̀ padà sí Norfolk ní ọdún 2005.