Ibà Lẹ́yìn Ìtọ́jú Fáíbírọ́ìdì

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa tó ní fáíbírọ́ìdì, ìyẹn kókó inú ilé ọmọ, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lónìí.

Ní 1995, dókítà ará Faransé kan, Jacques Ravina, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde pé àwọn ti rí ọ̀nà láti tọ́jú kókó yìí láìla ikùn. Wọn a ti rọ́bà tín-ín-rín gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní itan tàbí ọrùn ọwọ́, wọn a sì fi èérún wẹ́wẹ́ dí ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ kókó náà, kó lè súnkì.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú náà, ara lè gbóná díẹ̀, inú lè máa run. Kókó tó ń kú ló sábà ń fa ìyẹn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ibà tó dé lẹ́yìn tí ara ti balẹ̀, bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Kókó tó kú lè já, kó há sẹ́nu ilé ọmọ, kó máa rà níbẹ̀. Bí ara bá gbóná dé ìwọ̀n 38°C, tí omi olóòórùn ń jáde lójú ara, tí inú rírun ń le sí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Nílẹ̀ wa níbí, bí ara bá ti gbóná, oògùn ibà ẹ̀fọn là ń sáré rà. Kí wọ́n má baà rò pé ibà ẹ̀fọn ni, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ti ṣe ìtọ́jú yìí, kódà bó ti pẹ́. Oògùn apakòkòrò sábà máa ń kápá àkóràn tí kókó tó rà bá fà. Nígbà mìíràn wọn a yọ kókó náà. Ó ṣọ̀wọ́n kó di pé wọ́n yọ ilé ọmọ.