Àìsàn Àṣetúnṣe àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Àìsàn kan wà tí í mú ènìyàn fọ ọwọ́ títí awọ yóò fi bó, tàbí kí ó dìde lóru nígbà mẹ́wàá láti wò bóyá ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni náà mọ̀ pé ọwọ́ òun mọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ọwọ́ àjẹ́.

Ní 1987, Francine Shapiro, ará Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé bí ojú òun ti ń lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, èrò tí ń da òun láàmú ń rọ̀. Ó sọ ọ́ di ìtọ́jú: aláìsàn a máa rántí ohun tí ó bà á lẹ́rù, ojú rẹ̀ a sì máa tọ ìka olùtọ́jú lọ sí ọ̀tún àti òsì. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún àwọn tí jàǹbá ti kó ìpayà bá. Ní ti àìsàn àṣetúnṣe, ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó.

Èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀ ni èyí tí Victor Meyer ròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1966. Lábẹ́ ìtọ́ni olùtọ́jú, aláìsàn yóò fọwọ́ kan ohun tí ó ń bẹ̀rù, kò sì ní fọ ọwọ́ náà títí ẹ̀rù yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Oògùn dókítà sì wà pẹ̀lú.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀sín, kí a má sì ṣe dè é mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.