Ìtọ́jú Ọmọ tí ó Jogún Òkúta Inú Kíndìnrín

Àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ó le. Primary hyperoxaluria ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Nínú irú rẹ̀ kìíní, ẹ̀dọ̀ ọmọ a máa pèsè èròjà oxalate ní àpọ̀jù. Èyí a dàpọ̀ mọ́ kálísíọ̀mù nínú ìtọ̀, a sì di òkúta. Gẹ́gẹ́ bí ti fòníkú-fọ̀ladìde, ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀, bí ara àwọn méjèèjì tilẹ̀ le. Kí ẹnikẹ́ni má di ẹ̀bi ru ìyá nìkan.

Omi púpọ̀ ni oògùn kìíní, lọ́sàn-án àti lóru. Ìkókó tí kò lè mu tó, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń fún un lómi sínú ikùn. Fítámì B6 ń ran àwọn ọmọ kan lọ́wọ́. Láti ọdún 2020 ni a ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ lumasiran, tí ń dín oxalate kù láti inú ẹ̀dọ̀. Ọmọ tí kò tíì wọn kílò 10 a máa gbà á lóṣooṣù. Owó rẹ̀ pọ̀ jọjọ.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin náà ní ipa nínú ìtọ́jú yìí. Bí ẹ bá ka omi mímu léèwọ̀ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, tàbí tí ẹ kò jẹ́ kí ó jáde lọ tọ̀, òkúta ni ẹ ń ràn lọ́wọ́. Ara rẹ̀ lè yá gágá lónìí. Ìtọ́jú kò gbọdọ̀ dúró.