Gbọ̀ngàn Ìlú àti Ilẹ̀ Ìgbafẹ́

Bí a bá dárúkọ gbọ̀ngàn ìlú, ohun tí ó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ògiri, òrùlé àti àga. Ilẹ̀ tí ó bá ṣẹ́ kù, ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò kọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tí a bá ti kọ́lé lé lórí kì í padà di pápá bọ̀rọ̀.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Iwájú ààfin ni wọ́n ń ná ọjà sí. Abẹ́ odán ni àwọn àgbà ti ń gbatẹ́gùn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń parí ìjà. Ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀n, a gbọ́ pé àgbàlá ààfin Ọlọ́wọ̀, tí wọ́n ń pè ní ughà, tó 100 láyé àtijọ́. Òmíràn wà fún òrìṣà. Àwọn tí ó tóbi wà fún àpéjọ àti ọdún. Ilẹ̀ gbalasa gan-an ni gbọ̀ngàn wọn.

Ẹnì kan lè bèèrè pé: igbó ọba ṣáà wà ní Ìfọ̀n, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọgbà ṣe? Igbó kì í ṣe ọgbà. Ìyá arúgbó kò lè lọ gbatẹ́gùn nínú igbó ọba, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gbé ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní Èkó, níbi tí ilẹ̀ ti wọ́n bí ojú, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí ìjọba Òyìnbó kọ́ sí Broad Street ni ayàwòrán ilé Theo Lawson sọ di Freedom Park, tí a ṣí ní 2010, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà pé 50 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ti di orí ìtàgé.

Nítorí náà, bí Ìfọ̀n, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, bá fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn, ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Kí wọ́n má ṣe gé igi tí ó ti dàgbà. Kí wọ́n la gọ́tà fún àgbàrá. Kí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kọjú sí pápá. Kí arúgbó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti ọjà. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ìwé ilẹ̀ náà wà lórúkọ ìlú, kí ẹnikẹ́ni má lè pín in tà.

Ẹni tí ó gbin odán kì í sábà gbádùn ibòòji rẹ̀ pẹ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbìn ín fún. Ìbéèrè tí ó wá kù fún àwọn àlejò wa láti jíròrò ni èyí: lẹ́yìn tí a bá gbìn ín tán, ta ni yóò máa bomi rin ín?