Ọmọ tó ń ṣírò owó ọjà, tí kò lè kàwé: bí a ṣe bá ilé ìwé rẹ̀ sọ ọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin àbúrò mi tó wà ní Kano, Kaduna, Maiduguri, àti ẹ̀yin tọ̀hún ní Aba, Jos ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Òtútù ìlú yìí ló há mi lóhùn báyìí, ẹ má bínú. Alága ló ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ mi yẹn ní kíkún, torí lẹ́yìn tí mo mẹ́nu bà á níjọ́sí, ẹni mẹ́ta ló pè mí pé tàwọn náà jọ ọ́.

Àkànní ni mo máa pe ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ya ṣọ́ọ̀bù mi rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí oníbàárà bá ra yáàdì 7, tí yáàdì kan jẹ́ 1,850 náírà, kí n tó mú fóònù láti fi ṣírò, Àkànní á ti ní, "Màámi, 12,950 ni." Bí ẹni náà bá mú 15,000 kalẹ̀, á ti máa ka ṣẹ́ńjì 2,050. Hausa tó fi ń ná ọjà, àwọn Hausa fúnra wọn á rẹ́rìn-ín. Fáànù wa tó bàjẹ́, òun ló tú u tó tún un tò, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Àmọ́ ẹ gbé ìwé fún un kó kà, ó tán. Á máa làágùn. "b" á di "d", "was" á di "saw". Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ lọ́nà mẹ́ta lórí ìwé kan ṣoṣo. Tíṣà rẹ̀ ń pè é ní olódo níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ń ṣe ọ̀lẹ. Èmi náà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo nà án. Mo nà án gan-an. Mo rò pé eré bọ́ọ̀lù ló gbà á lọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló wá sọ fún mi pé, "Màámi, tí mo bá fi máa ka ọ̀rọ̀ kẹta tán, mo ti gbàgbé ti àkọ́kọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní ìparí tẹ́ẹ̀mù kẹta, lẹ́tà dé láti ilé ìwé: wọ́n máa dá a padà sí Praimárì 3. Kì í ṣe pé kó tún 4 ṣe o, kó padà sẹ́yìn ni. Ìṣirò, ó gba 31. Ọmọ tó ń ṣírò fún mi! Ibẹ̀ ló ti yẹ kí n fura, mi ò fura.

Oníbàárà mi kan ló là mí lójú. Yunifásítì Jos ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di tíṣà àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. Wọ́n rí bí Àkànní ṣe ṣírò, inú wọn dùn, wọ́n ní kó kọ rìsíìtì. Ọmọ sá lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bi mí, mo sì ṣàlàyé. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí òyìnbó ń pè ní dyslexia: ọpọlọ pé, ó tiẹ̀ lè jí pépé ju ti ẹgbẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń so lẹ́tà mọ́ ìró ni kò já gaara. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe ayé, kì í ṣe àsàsí. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò ná. Méjèèjì dára. Sátidé méjì ni wọ́n fi dán an wò, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé fún mi.

Wọ́n tún ní ó máa ń wà nínú ìdílé. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá rẹ̀, wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ nílé àwọn. Ọjọ́ kẹta, a ń jẹun lọ́wọ́, wọ́n ṣàdédé ní, "Kí lo rò pé ó lé mi kúrò níléèwé ní fọ́ọ̀mù 2?" Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ wọ́n: gbogbo gbèsè táwọn èèyàn jẹ wọ́n lọ́jà, orí ni wọ́n ń kó o sí, wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti fẹ́ra, mi ò mọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ síléèwé, ìbínú ni mo bá lọ. Mo pariwo, wọ́n pariwo, mo padà wálé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbà kejì, bàbá rẹ̀ bá mi lọ. A ti kọ́kọ́ bèèrè ọjọ́ tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. A kó àwọn ìwé iṣẹ́ rẹ̀ dání, pẹ̀lú èsì yẹn, àti ohun mẹ́rin tí a fẹ́, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá wa tẹ̀: kí wọ́n máa ka ìbéèrè ìdánwò sí i létí, kí wọ́n fún un ní àkókò díẹ̀ sí i, kí wọ́n má fi dandan mú un kàwé sókè níwájú kíláàsì, kí wọ́n jẹ́ kó máa da nóòtì kọ láti inú ìwé ọmọ míì dípò ojú pátákó.

Ọ̀gá ilé ìwé ní ọmọ 46 ló wà ní kíláàsì kan, ta ló fẹ́ jókòó ti ẹyọ kan? Òótọ́ ni wọ́n sọ, mi ò bá wọn jà. Tíṣà rẹ̀ ní ìrẹ́jẹ ni fáwọn tó kù. Mo ní, "Tíṣà, ẹ má bínú, gíláàsì tẹ́ ẹ wọ̀ sójú yìí, ta lẹ fi ń rẹ́ jẹ?" Wọn ò dáhùn. Bàbá Àkànní wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú ìwé ìdánwò ìṣirò yẹn jáde, kí wọ́n kà á sí i létí níbẹ̀. Tíṣà fúnra wọn ló kà á. Ọmọ dúró, ó di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń dáhùn. Nínú ìbéèrè 20, ó gba 17. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀.

Òfin kan wà o, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kìíní ọdún 2019, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ya ẹni tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò fà á yọ. Ẹni tó máa wà pẹ̀lú ọmọ mi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, mi ò fẹ́ kó bá mi ṣọ̀tá. Ẹ fi sápò, ọjọ́ tọ́rọ̀ bá le ni kẹ́ ẹ mú un jáde.

Ẹnì kan nínú wa ní kí n mú un lọ Suleja, ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 fáwọn ọmọ tórí wọn pé gan-an. Mo dúpẹ́, àmọ́ ìwé náà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ìwọlé wọn.

Kíkà nílé ńkọ́? Oníbàárà mi ní kí n fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀, torí bí a ṣe ń pè é la ṣe ń kọ ọ́, kò dà bíi Gẹ̀ẹ́sì tí "though" àti "tough" kò jọra lẹ́nu. Àǹtí mi fi Aláwìyé ránṣẹ́ sí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ nínú mọ́tò. Ba, be, bi, ogún ìṣẹ́jú lálẹ́, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, a pa ìwé dé. Bàbá rẹ̀ máa ń sún àga mọ́ wa. Wọ́n ní àwọn kàn ń wòran ni.

Wọn ò dá a padà. Ó ti wà ní Praimárì 5. Ìṣirò, 78. Gẹ̀ẹ́sì, 42, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún tíṣà tuntun. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń mú un kàwé sókè kí n tó gbọ́. Mo tún padà lọ. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé yín púpọ̀.

Ìyá tó pè mí láti Maiduguri, ẹ má tíì yọ ọmọ yẹn kúrò níléèwé o. Ẹ ya àwòrán ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi nìkan, n ó fi han oníbàárà mi. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ ni kẹ́ ẹ pè, ọjà kì í fún mi láyè lọ́sàn-án. Ó dàárọ̀ o.